ÌBÒ ỌLỌ́WỌ́ KAN

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ìsinmi gígùn tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, lẹ́bàá ọ̀nà Ọba Akran, tí mo ń di ẹrù sínú páálí. Bí a bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, a máa ń jókòó sẹ́bàá ògiri, a ó ra búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà àgànyìn, ọ̀rọ̀ ìṣèlú yóò sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà yóò ka àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ti kógbá wọlé lójú wọn. Wọn yóò dárúkọ Dunlop, tí ó dẹ́kun táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò sọ pé: “Ẹgbẹ́ púpọ̀ ni ó bà wá jẹ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó máa ṣe ìjọba, ẹgbẹ́ tí ó mọ ìyà tálákà, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣáínà.” Gbogbo ènìyàn yóò sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í bá wọn mi orí. Bàbá ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wa ni, ọmọ Pọ̀bẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó ti pẹ́ ní Agége. Ní ọjọ́ kan ó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, àwa ti ṣe irú èyí rí. A dìbò, a dìbò, a kò yan ẹnì kankan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èdè ti dàrú mọ́ Bàbá lẹ́nu. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Èdè ni mo ń kọ́, mo sì mọ̀ pé èdè kò dàrú mọ́ ọn lẹ́nu rárá. Àwa Yorùbá a máa ń so ọ̀rọ̀ méjì náà pọ̀, a ó ní a dìbò yan ẹnì kan. Bàbá ti rí ìlú kan níbi tí wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ méjì náà sọ́tọ̀, tí dídì ṣẹ́ kù tí yíyàn sì ti lọ.

N kò bínú sí òṣìṣẹ́ tí ó ń fẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun dé ìdajì oṣù, ó sì ti rí i tí àwọn olóṣèlú ń fò láti inú ẹgbẹ́ kan sí òmíràn bí ẹyẹ lórí igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́, tí mo tún bá ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwa tí a ka ìwé, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀: ibi tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá ti jẹ gàba, ìbáà máa jẹ́ Kọ́múníìsì, ìbáà máa jẹ́ ohun mìíràn, ìdìbò kò sí níbẹ̀ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń to ènìyàn sórí ìlà lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a bi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ léèrè. Kí ni à ń pè ní ìbò? Kí òyìnbó tó kó àpótí ìdìbò wá ni ìbò ti wà lọ́dọ̀ babaláwo. Bí odù bá ti yọ, tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni Ifá fọ̀ tàbí ibi, ẹni tí ó wá ṣàyẹ̀wò yóò mú owó ẹyọ àti egungun, yóò pa ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, yóò pa èkejì mọ́ ọwọ́ òsì. Owó ẹyọ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, egungun ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ifá ni yóò mú ọwọ́ tí ó bá wù ú. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ méjì ni, ohun méjì sì ni. Bí a bá rí ẹnì kan tí ó di owó ẹyọ sí ọ̀tún tí ó tún di owó ẹyọ sí òsì, a kò ní í sọ pé ó dìbò. A ó sọ pé ó fẹ́ rẹ́ Ifá jẹ. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣètò ìdìbò, ohun tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn: ó di ara rẹ̀ sí ọ̀tún, ó tún di ara rẹ̀ sí òsì, ó wá ní kí ìlú mú èyí tí ó bá wù wọ́n.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a fi Ṣáínà sílẹ̀ ná, kí a lọ sí ilé Bàbá ọlọ́dẹ. Láti Agége dé Ìdìrókò kò jìnnà. Bí a bá ti kọjá ibodè, Yorùbá ni a ó máa gbọ́ ní Kétu, ní Pọ̀bẹ́, ní Sakété àti ní Àjàṣẹ́. Dàhòmì ni orúkọ ilẹ̀ náà nígbà tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, oṣù méjì ṣáájú tiwa. Láàárín 1963 sí 1972, kò dín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba níbẹ̀. Ní 1970 àwọn olóṣèlú mẹ́ta tí ó ń bára wọn jà, Maga, Apithy àti Ahomadégbé, gbà láti máa fi ipò Ààrẹ ṣe àrólé ọdún méjì méjì. Ẹnì kejì kò tíì lo oṣù mẹ́fà tí Ọ̀gágun Mathieu Kérékou fi lé gbogbo wọn lọ, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972. Àwọn ènìyàn sì yọ̀. Ìjà ẹgbẹ́ ti sú wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti sú àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́bàá ògiri.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1974, Kérékou kéde ní Agbómẹ̀ pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ilẹ̀ náà yóò máa tọ̀. Nígbà tí ọdún kan pé géérégé, ó yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ PRPB sílẹ̀, tí ó túmọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ìyípadà ti Aráàlú Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí òfin mọ̀.

Báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹ gàba títí ìdìbò yóò fi di eré ọmọdé? Òfin ni ó kọ́kọ́ ń lò. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1977 gbé ẹgbẹ́ náà lékè ìjọba, débi pé ẹni tí ó bá ta ko ẹgbẹ́ ti ta ko ìlú. Lẹ́yìn òfin ni orúkọ. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 1979, aṣojú 336 ni a fẹ́ yàn sí ilé ìgbìmọ̀, orúkọ 336 náà ni ẹgbẹ́ sì kọ sínú ìwé kan ṣoṣo. Ohun tí ó kù fún ará ìlú ni kí ó gba gbogbo wọn tàbí kí ó kọ gbogbo wọn. Bí ó bá kọ̀ wọ́n, ta ni yóò gbà? Kò sí. Ẹni tí ó ń sọ pé rárá dà bí ẹni tí ó kọ oúnjẹ ní ilé tí kò sí ìkòkò mìíràn lórí iná. Abájọ tí iye àwọn tí ó ní àwọn gbà fi ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1984 wọ́n tún ṣe é, ìjókòó 196. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1989 wọ́n tún ṣe é, ìjókòó 206. Ilé ìgbìmọ̀ yìí náà ni ó sì ń yan Ààrẹ, ẹnì kan náà ni ó sì ń yàn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ àpapọ̀ kan ṣoṣo tí ń jẹ́ UNSTB, àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn, àwọn obìnrin ní tiwọn, abẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń ṣojú òṣìṣẹ́ ni ó tún jẹ́ agbaniṣíṣẹ́, nítorí ìjọba ni ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti ilé ìfowópamọ́. Bí owó oṣù kò bá jáde, lọ́dọ̀ ta ni òṣìṣẹ́ yóò gbé ẹjọ́ lọ? Ọ̀gá ni adájọ́, adájọ́ náà sì ni agbẹjọ́rò. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹnu ìlú náà kò gbẹ́yìn. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu, tí ó túmọ̀ sí “ó ti yí padà” ní èdè Fọ̀n. Bí wọ́n bá péjọ, ẹnì kan yóò ké pé “Ehuzu!” àwùjọ yóò sì dáhùn pé “Dandan!” Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kejì yìí. Kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu Fọ̀n àti lẹ́nu tiwa: ohun tí kò sí àyè láti kọ̀. Mo mọ̀ pé ìgboyà ni wọ́n fẹ́ fi í sọ, pé ìyípadà náà kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń ké ní gbogbo ìgbà a máa di òtítọ́ lọ́nà tí a kò rò. Ìyípadà di dandan, àtẹ́wọ́ di dandan, bẹ́ẹ̀ ni di dandan.

Ẹnì kan lè sọ pé: ó dára, àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n fẹ́ pa lẹ́nu mọ́, kí tálákà lè gbádùn. Irọ́ ni. Ní 1977 àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti Dàhòmì sílẹ̀, PCD, Kọ́múníìsì pọ́ńbélé ni wọ́n, ìwé Marx àti Lenin kan náà ni wọ́n ń kà. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà títí ìjọba náà fi wó, wọ́n mú nínú wọn, wọ́n sì fi wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Nínú ìlú tí ó ń fi Marx búra, Kọ́múníìsì ń sá fún ọlọ́pàá! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà nínú wa, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jùlọ. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ kankan, òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yékéyéké tí ó sì bi í ní ìbéèrè, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ gàù.

Èrè wo ni ó ti ibẹ̀ jáde? Nígbà tí ó fi máa di 1988 àti 1989, àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba ti ṣófo. Òṣìṣẹ́ ń lo oṣù lórí oṣù láìgba owó. Olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ìgboro Kútọnu. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọjọ́ tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bọ́ sí. Oṣù Kẹfà ọdún 1989 ni ìlú dìbò gba orúkọ tí ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ ni ilé ìgbìmọ̀ tún fi Kérékou jẹ Ààrẹ. Oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ìjọba kéde pé òun ti kọ ọ̀nà Marx àti Lenin sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré! Ìdìbò tí ó ní gbogbo ìlú ń fẹ́ wọn kò lè sọ fún wọn pé iná ti wà lórí òrùlé. Àìsàn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ó lè ní ènìyàn rere nínú. Ṣùgbọ́n ó ti gé etí ara rẹ̀, ó wá ń béèrè ìdí tí òun kò fi gbọ́ nǹkan kan.

Ní oṣù Kejì ọdún 1990, bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn péjọ fún ọjọ́ mẹ́wàá ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni alága. Wọ́n gba agbára, wọ́n fi Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba, ìlú sì fi ìbò gba òfin titun ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991 Soglo borí Kérékou nínú ìdìbò. Kérékou gbà, ó lọ ilé. Ní 1996 ó padà wá, ó bẹ ìlú, ìlú fi í jẹ Ààrẹ, ó sì lọ ní 2006 nígbà tí àkókò rẹ̀ pé. Ọwọ́ kejì tí ó ti ń bẹ̀rù fún ọdún mẹ́tàdínlógún, òun náà ni ó gbé e padà sórí àga. Kí ni ó wá ń bẹ̀rù?

Mo ti gbọ́ èsì yín: “Ṣáínà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó wà ní Ìkẹjà ti wá.” Òtítọ́ ni, n kò ní í jiyàn pé Ṣáínà kò lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà tí ó wà lórí àga nígbà ọrọ̀ ni ó wà lórí àga nígbà ìyàn ti 1959 sí 1961, tí àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn kú, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìbò dá a dúró. Lẹ́yìn 1978 ni ọrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, nígbà tí ẹgbẹ́ náà dẹ okùn fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Bí títú okùn bá mú ọrọ̀ wá, ẹ má ṣe wá sọ fún mi pé okùn ni kí a máa yìn. Ní 2023 ìgbìmọ̀ ńlá Ṣáínà yan Xi Jinping ṣe Ààrẹ: 2,952 ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan kò sọ pé rárá. Ní ọdún kan náà, ní Kúbà, olùdíje 470 du ìjókòó 470. Ìdílé ènìyàn mẹ́fà kò lè fẹnu kò lórí ọbẹ̀ tí a ó sè lálẹ́. Ibi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn bá ti sọ ohun kan náà, ẹ̀rù ni kí ó bà wá.

Kí a wá bọ̀ wálé. Kò sí Kọ́múníìsì tí ó ń ṣe ìjọba wa. Ṣùgbọ́n ìran ẹgbẹ́ kan náà ni ó ti ń ṣe gómìnà ní Èkó láti 1999, orúkọ ni ó ń yí padà, AD, AC, ACN, APC. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí a dìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ kan gba alága 57 nínú 57, Ìkẹjà wà níbẹ̀, Agége wà níbẹ̀, ó sì gba kánsílọ̀ 375 nínú 376. Èkó kò rí bí Bẹ̀nẹ̀ ti 1979, n kò sì sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour borí ní Èkó yìí nínú ìdìbò Ààrẹ, a sì rí i pé ọwọ́ kejì ṣì wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò lò a máa rọ. Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó fi omijé ra ẹ̀kọ́ yìí, gbàgbé rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2019: ẹgbẹ́ méjì péré ni ó díje fún ìjókòó 83, lẹ́yìn Ààrẹ ni àwọn méjèèjì sì wà. Àwọn tí ó jáde dìbò kò tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ẹyọ ní ọ̀tún, owó ẹyọ ní òsì.

Kí n má bàa dà bí ẹni tí ó ń tọ́ka sí ojú ọmọlàkejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ fẹ́ yan olóyè, ẹni méjì ni ó fẹ́ ṣe akọ̀wé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bẹ ọ̀kan pé kí ó jọ̀wọ́ ipò náà fún ẹnì kejì, nítorí ìṣọ̀kan. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Èmi wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. A kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé akọ̀wé wọlé láìsí alátakò, a sì ń fi í yangàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí a fẹ́ béèrè ìṣirò owó, kò sí ẹni tí ó lè là á sọ, nítorí ẹni tí ì bá béèrè ni a ti bẹ̀ pé kí ó jókòó.

Ibẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, mo gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ ni a ń gbá jọ. Kò sí ẹni tí ń gbá ẹyọ kan jọ. Ẹ má ṣe bẹ olùdíje kankan pé kí ó jókòó mọ́, yálà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ ó bọ́ sí lọ́la. Bí ó bá ṣẹ́ ku ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí a kọ àyè fún rárá sínú ìwé ìbò, kí rárá náà sì ní agbára láti dá ìdìbò padà. Bí ẹni tí ó pàdánù bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní àga ní iwájú. Ẹni tí kò bá lè fara da alátakò kan nínú yàrá ìpàdé wa, bí ó bá di alágbára lọ́la, kò ní í fara da ẹyọ kan nínú ìlú.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà, mo lọ kí Bàbá ọlọ́dẹ. Mo bi í pé nígbà tí wọ́n dìbò ní 1991, kí ni ó ṣe. Ó ní òun rìn lọ síbi ìdìbò ní òwúrọ̀, òun sì pẹ́ nídìí àpótí títí àwọn tí ó wà lẹ́yìn fi ń pariwo mọ́ òun. Mo ní, “Kí ló dé, Bàbá?” Ó ní, “Orúkọ ẹni méjì ni mo rí. Mo ń rò ó.”